Àṣìṣe tí Kì í Pariwo: Ìtàn Wíwá Àṣìṣe nínú Ìṣirò Tábìlì Ìṣeéṣe, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Oko Ẹ̀gẹ́ Àyíká Ìbàdàn

1.0 Ìfáárà

Oríṣi àṣìṣe méjì ló máa ń wáyé nínú ìṣirò tí ènìyàn gbé fún kọ̀ǹpútà. Èkíní ni èyí tó ń pariwo: ẹ̀rọ yóò dúró láàárín iṣẹ́, yóò sì sọ pé òun kò lè tẹ̀ síwájú. Èkejì ni èyí tí kì í pariwo: ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ dópin, yóò gbé èsì jáde, èsì náà yóò sì jọ òótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ pátápátá ni. Ète bébà yìí ni láti tọpa ìtàn oríṣi kejì yìí nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo, èyíinì ni ìlànà fífi àwòrán ìsopọ̀ ṣírò ìṣeéṣe, níbi tí wọ́n ti ń lo àwọn tábìlì kéékèèké tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fákítọ̀.

Ohun tí bébà náà fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ kan náà tó mú kí irú ìṣirò yìí ṣeé ṣe ló bí àṣìṣe tí kì í pariwo. Nígbà tí wọ́n fọ́ tábìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí wẹ́wẹ́ ti ń pàdé wẹ́wẹ́ di ibi tí irọ́ lè fara pamọ́ sí. Nítorí náà, agbára ẹ̀rọ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ìdánwò kékeré tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣírò ni.

Oko ẹ̀gẹ́ tó wà ní agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni àpẹẹrẹ yóò ti wá, fún ìdí méjì. Ìdí kìíní ni pé àrùn àti kòkòrò ẹ̀gẹ́ jẹ́ ọ̀ràn tí àmì kan ti lè ní ju okùnfà kan lọ, irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ìlànà yìí wà fún. Ìdí kejì ni pé àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí ti fi ara wọn mọ ohun tí nọ́ńbà tí wọ́n ṣírò ní ọ́fíìsì lè ṣe fún ẹni tó wà lóko.

2.0 Láti tábìlì ńlá dé tábìlì kéékèèké

Àròkọ Thomas Bayes, tí Richard Price fi síwájú Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1763, lẹ́yìn tí Bayes ti kú ní 1761, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: bí ènìyàn bá ti rí àmì, báwo ni yóò ṣe padà sẹ́yìn lọ wọn bí okùnfà tí kò rí ṣe lè jẹ́ òótọ́ tó? Ní 1774, Laplace ará Faransé sọ ìdáhùn ìbéèrè náà di ìlànà tó gbòòrò.

Ìlànà náà rọrùn bí okùnfà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí àmì sì jẹ́ ẹyọ kan. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá pọ̀. Bí ohun ayípadà bá jẹ́ 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ipò méjì péré, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà 256 ni tábìlì àpapọ̀ wọn yóò ní. Bí wọ́n bá di 20, ìlà náà yóò di 1,048,576. Kò sí àgbẹ̀, kò sì sí oníṣègùn, tó lè fi iye kan sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan nínú irú tábìlì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọfà ya bí nǹkan ṣe ń fa nǹkan. Sewall Wright, onímọ̀ àbùdá ará Amẹ́ríkà, ti ń lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní 1921. Ní 1978, Cannings, Thompson àti Skolnick fi hàn bí wọ́n ṣe lè ṣírò ìṣeéṣe lórí ìtàn ìdílé ńlá nípa yíyọ àwọn ènìyàn kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ń bó èèpo. Judea Pearl ló fún àwòrán náà lórúkọ Bayes ní 1985, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà sì jáde ní 1988. Ọdún 1988 yìí kan náà ni Lauritzen àti Spiegelhalter tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde. Àpẹẹrẹ aláìsàn tí kò lè mí dáadáa ni wọ́n lò, ẹni tó lè jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tàbí bronchitis ló ń ṣe é. Ní 1990, Cooper fi ẹ̀rí hàn pé ìṣirò náà lápapọ̀ le gan-an, débi pé kò dájú pé ìlànà kankan lè yára lórí gbogbo àwòrán. Ní 1994, Zhang àti Poole ṣàlàyé yíyọ ohun ayípadà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tó rọrùn láti kọ́. Ìwé Koller àti Friedman, tó jáde ní 2009, sì sọ ọ̀rọ̀ náà fákítọ̀ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti 2012 tí Koller ti ń kọ́ni lórí Coursera, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ètò tó ń sọ fákítọ̀ di púpọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ́kọ́ pàdé àṣìṣe tí kì í pariwo.

Ìbàdàn kò jìnnà sí ìtàn kọ̀ǹpútà lápapọ̀. Ní 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ pé káàdì oníhò ni wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Wíwá àṣìṣe nínú ètò jẹ́ iṣẹ́ tí ìlú náà ti mọ̀ kí ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà tó mọ̀ ọ́n.

3.0 Oko ẹ̀gẹ́ àyíká Ìbàdàn

Ní ojú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ní agbègbè Akínyẹlé tí Mọ́níyà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni IITA wà, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀tá pàtàkì tí ẹ̀gẹ́ ní níbẹ̀ ni àrùn mosaic, èyí tí eṣinṣin funfun kékeré ń gbé láti ewé dé ewé. Ewé yóò pín sí àwọ̀ ewéko àti àwọ̀ ìyeyè, yóò sì ká kò.

Ọ̀tá mìíràn tún dé. Kòkòrò kan tó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Congo ní 1973, wọ Nàìjíríà ní 1979. Orí ọ̀wọ́ tuntun ló máa ń bà sí. Á fa omi inú rẹ̀ mu, ewé á rún jọ sókè, ìdàgbà igi á sì dúró. Ní 1981 ni wọ́n rí ibi tí kòkòrò náà ti ṣẹ̀ wá ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n kékeré kan níbẹ̀ tí ń yé ẹyin sí i nínú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ agbọ́n náà wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà kó ewu mìíràn wọlé, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní òpin 1981. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tàn ká gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Hans Herren, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Àwọn onímọ̀ tún fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí ẹ̀gẹ́, kòkòrò àti agbọ́n ṣe ń bára wọn gbé, iṣẹ́ tí Gutierrez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1988.

Ohun tó kan bébà yìí nínú ìtàn náà ni ìṣòro ẹni tó dúró lóko. Ewé tó ká kò lórí igi lè jẹ́ iṣẹ́ àrùn mosaic, ó lè jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò funfun, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Ẹni tó bá ní mosaic nílò igi ẹ̀gẹ́ tí àrùn náà kì í tètè mú. Ẹni tí kòkòrò funfun bá dé bá nílò agbọ́n, bí ó bá sì fín oògùn apakòkòrò, ó lè pa agbọ́n tí ì bá gbà á.

4.0 Iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń fi fákítọ̀ ṣe

Kí àlàyé lè yé ni àwọn iye tó tẹ̀lé e yìí ṣe wà. Wọn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n lóko. Ká sọ pé ìṣeéṣe kí kòkòrò funfun wà ní oko kan jẹ́ 0.2, ti mosaic sì jẹ́ 0.5. Ká tún sọ pé ìṣeéṣe kí ewé ká kò jẹ́ 0.1 bí méjèèjì kò bá sí, 0.6 bí mosaic nìkan bá wà, 0.8 bí kòkòrò nìkan bá wà, àti 0.9 bí àwọn méjèèjì bá wà.

Iṣẹ́ kìíní ni fífi ẹ̀rí gé tábìlì: bí wọ́n bá ti rí i pé ewé ká kò, gbogbo ìlà tó sọ pé ewé kò ká kò yóò di òfo. Iṣẹ́ kejì ni ìsọdipúpọ̀: ìlà tó bá bára mu nínú tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń fi sọ ara wọn di púpọ̀. Èsì rẹ̀ ni 0.04 fún oko tí kò ní ọ̀kankan, 0.24 fún mosaic nìkan, 0.08 fún kòkòrò nìkan, àti 0.09 fún méjèèjì. Iṣẹ́ kẹta ni fífi àròpọ̀ yọ ohun tí ìbéèrè kò kàn kúrò. Bí wọ́n bá yọ mosaic kúrò, yóò ṣẹ́ ku 0.28 fún àìsí kòkòrò àti 0.17 fún wíwà rẹ̀.

Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 0.45, èyíinì ni ìṣeéṣe rírí ewé tó ká kò rárá. Bí wọ́n bá fi 0.45 pín 0.17, ìdáhùn yóò jẹ́ nǹkan bí 0.38. Bí ẹ̀rí mìíràn bá tún fi hàn pé mosaic wà dájúdájú, 0.09 ni wọn yóò fi 0.33 pín, ìdáhùn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí 0.27. Ìdí ni pé mosaic ti tó láti jẹ́jọ́ ewé náà, ẹ̀sùn orí kòkòrò sì fúyẹ́ díẹ̀. Bí ó bá dájú pé mosaic kò sí, ìdáhùn yóò gòkè dé 0.67.

5.0 Ibi tí àṣìṣe ń fara pamọ́ sí

5.1 Ètò ìtòtẹ̀léra. Kọ̀ǹpútà kò mọ mosaic yàtọ̀ sí kòkòrò. Ọ̀wọ́ iye tó tò tẹ̀ léra ló mọ̀, nọ́ńbà ipò ló sì ń sọ èyí tó jẹ́ ti ta. Bí tábìlì kan bá to kòkòrò ṣáájú, tí èkejì to mosaic ṣáájú, tí ètò kò sì tún wọn tò kí ó tó sọ wọ́n di púpọ̀, 0.6 àti 0.8 yóò pààrọ̀ àyè. Ẹ̀rọ kò ní ké. Yóò gbé 0.15 lórí 0.51 jáde, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 0.29 dípò 0.38. Ìdáhùn méjèèjì wà láàárín òfo àti 1, kò sì sí ohun tó fi irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́ lójú. Irú ewu kan náà wà láàárín èdè kọ̀ǹpútà tó ń ka ipò láti 1, gẹ́gẹ́ bí Octave, àti èyí tó ń kà á láti òfo, gẹ́gẹ́ bí Python.

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí ìmọ̀ Yorùbá. Ojú Odù Ifá méjì tó wà ní ọ̀tún àti òsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́rin tí àmì ẹyọ tàbí méjì lè wà, ló bí Odù 256. Apá ọ̀tún ni babaláwo kọ́kọ́ ń kà. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ àyè, ó ti di Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ẹbọ rẹ̀ sì yàtọ̀. Bákan náà, bí ikin kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, àmì méjì ni wọ́n ń tẹ̀. Bí ó bá ku méjì, àmì kan ni. Ọmọ-awo tó bá yí èyí padà yóò tẹ Odù tó pé, tó dán, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe èyí tó jáde. Bascom, nínú ìwé rẹ̀ ti 1969, tún fi hàn pé ìtòtẹ̀léra Odù ní Ilé-Ifẹ̀ kò bá ti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn mu: ní Ifẹ̀, Ọ̀bàrà ni ìkarùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ Ìrosùn níbòmíràn. Èyí kò sọ Ifá di ìṣirò ìṣeéṣe. Ohun tó fi hàn ni pé níbikíbi tí ìmọ̀ bá ti wà nínú tábìlì, ìtòtẹ̀léra jẹ́ apá kan nínú ìtumọ̀.

5.2 Ẹ̀rí tó ṣòfò. Àwọn ètò kan máa ń sọ àpapọ̀ ìlà di 1 nígbà gbogbo, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rí gé tábìlì. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ipò okùnfà kọ̀ọ̀kan, 0.1, 0.6, 0.8 àti 0.9 yóò di 1 lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé ti ká kò, ṣùgbọ́n ìdáhùn yóò dúró lórí 0.2 tí ó wà kí ẹnikẹ́ni tó wo ewé. Àmì àṣìṣe yìí ni pé ẹ̀rí wọlé, ìdáhùn kò sì mì. Ibi tí sísọ àpapọ̀ di 1 yẹ ni òpin iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

5.3 Yíyọ kúrò kí ó tó tó àkókò. Gbogbo fákítọ̀ tó mẹ́nu kan mosaic gbọ́dọ̀ ti wọnú ìsọdipúpọ̀ kí wọ́n tó yọ mosaic kúrò. Bí ètò bá yọ ọ́ kúrò nínú tábìlì ewé kí tábìlì mosaic fúnra rẹ̀ tó dé, ìṣirò náà yóò jẹ́ 0.7 àti 1.7 fún tábìlì ewé, èsì ìkẹyìn yóò sì jẹ́ 0.34 lórí 0.90, èyíinì ni 0.38. Ìdáhùn yìí bá èyí tó tọ́ mu! Ìdí ni pé 0.5 tí wọ́n fún mosaic pín ọgbọọgba, kò sì fi ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá yí i sí 0.7, ìdáhùn tó tọ́ yóò di 0.174 lórí 0.534, nǹkan bí 0.33, nígbà tí ètò tó ní àṣìṣe yóò ṣì máa wí pé 0.38. Iye tó dọ́gba máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

6.0 Bí wọ́n ṣe ń wá àṣìṣe

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò fún àṣìṣe túmọ̀ sí kòkòrò. Ní 1947, àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà Mark II ní Harvard rí àfòpiná gidi nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà ayé Edison. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó wà nínú fákítọ̀ kò ṣeé fi ojú rí bí àfòpiná. Àgbẹ̀ tó bá fura sí kòkòrò máa ń yí ẹ̀yìn ewé padà wò ni. Ohun tó bá èyí mu nínú ìṣirò ni ìdánwò mẹ́rin.

Èkíní, kí wọ́n kọ tábìlì àpapọ̀ odindi fún ọ̀ràn tó kéré, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, kí wọ́n sì fi í wé èsì ètò. Ohun tí wọ́n sá fún nítorí títóbi rẹ̀ ni wọ́n tún padà lọ bá fún ẹ̀rí. Èkejì, kí iye ipò àwọn ohun ayípadà má ṣe dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ní 2, kí èkejì ní 3, kí ẹ̀kẹta ní 5, nítorí pé bí gbogbo wọn bá ní 2, ìpààrọ̀ àyè kò ní hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n yẹra fún 0.5. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yí ìtòtẹ̀léra ìsọdipúpọ̀ àti ti ìyọkúrò padà. Ìdáhùn kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n wo àpapọ̀ iye kí wọ́n tó sọ ọ́ di 1. Nínú àpẹẹrẹ òkè, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.45. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 1 láìwò ó ti nu ẹsẹ̀ olè nù kúrò nílẹ̀.

Àfikún kan wà fún àwòrán ńlá. Bí 0.1 bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà 400, iye náà á kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè kọ lọ, ẹ̀rọ á sì kọ òfo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo logarithm, tí ìsọdipúpọ̀ yóò fi di àròpọ̀.

7.0 Ta ni irọ́ yóò balẹ̀ sí lórí?

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni gbogbo èyí. Ìtàn agbègbè yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kòkó ní abúlé ìhà Akànrán àti Ẹ̀gbẹ́dá wà lára àwọn tó dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tafa Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Owó orí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bù fún wọn kò tẹ̀lé bí kòkó ṣe so tàbí iye tí wọ́n rà á. Ṣílè 30 ni wọ́n ní àwọn lè san. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù ní 1969. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀ràn náà, àṣìṣe ètò kọ́ ló sì fa ìjà. Síbẹ̀, ó bá 5.3 mu ní ọ̀nà kan: ohun tó yẹ kó wọnú ìṣirò, èyíinì ni owó kòkó àti ìkórè ọdún náà, ni wọ́n ti yọ kúrò kí ó tó pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde dúró ṣánṣán lórí ìwé. Orí àgbẹ̀ ló balẹ̀ sí.

Bí ẹni tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn bá gbẹ́kẹ̀lé ètò tó sọ 0.38 di 0.29, ó lè fi oko tí kòkòrò wà sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìdáhùn bá dúró lórí 0.2 láìka ẹ̀rí sí, a jẹ́ pé ojú tí àgbẹ̀ fi wo ewé rẹ̀, tó sì wá ròyìn, kò já mọ́ nǹkankan. Àgbẹ̀ náà kò ní àyè láti rí tábìlì tí wọ́n fi dá ẹjọ́ ewé rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè yẹ̀ ẹ́ wò.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti tọpa bí ìṣirò ìṣeéṣe ṣe kúrò lórí tábìlì ńlá bọ́ sórí fákítọ̀ kéékèèké, láti Bayes ní 1763 dé Zhang àti Poole ní 1994 àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà tí ó tẹ̀lé e. Ó ti fi hàn pé ibi ìsopọ̀ mẹ́ta ni irọ́ máa ń gbà wọlé: ìtòtẹ̀léra, ẹ̀rí àti àkókò ìyọkúrò. Ó sì ti fi hàn pé àpẹẹrẹ tó dọ́gba ju bó ṣe yẹ lọ máa ń dáàbò bo àṣìṣe. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ kan náà kì í dé fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ ètò ló gbọ́dọ̀ mú un wá, pẹ̀lú ìlà mẹ́rin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò, kí èsì tó kúrò lórí tábìlì rẹ̀ lọ sí oko ẹnikẹ́ni.